Bí ẹ ṣe lè tú fíìmù ìfẹ́ tó já yín kulẹ̀ wò: Elizabethtown láti ọwọ́ Cameron Crowe

Fíìmù tí kò dára látilẹ̀ kì í dunni. Èyí tó ń dunni ni ti olùdarí tí a ti gbẹ́kẹ̀ lé, tí a tìtorí orúkọ rẹ̀ sanwó wọlé, tí a wá jáde tí a ń wo ara wa lójú. Lẹ́yìn irú fíìmù bẹ́ẹ̀, àwọn kan á ní "radaràda ni," ọ̀rọ̀ parí. Àwọn mìíràn á di gbogbo ẹ̀bi ru òṣèré kan. Kò sí èyí tó ran ẹni tó ń rò ó bóyá kóun wò ó lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó ran ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ fíìmù lọ́wọ́. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí a ṣe ń fi ọwọ́ wá oríkèé tó yẹ̀ gan-an, bíi ti oníṣègùn eegun, kí a lè sọ pé: ibí yìí ni, ìdí rẹ̀ nìyí.

Elizabethtown la fi ṣe ẹran ìdánwò. Ó jáde ní sinimá Amẹ́ríkà lóṣù October 2005. Cameron Crowe ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó gbé e jáde, òun pẹ̀lú Tom Cruise. Orlando Bloom ni Drew Baylor, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ya bàtà kan fún ilé-iṣẹ́ bàtà ńlá ní Oregon. Bàtà náà kò tà, ilé-iṣẹ́ pàdánù mílíọ̀nù 972 dọ́là. Ó délé, ó fẹ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀, fóònù dún: bàbá rẹ̀ ti kú ní Elizabethtown, ìpínlẹ̀ Kentucky, níbi tó ti lọ kí àwọn ẹbí. Drew ni kó lọ bójú tó òkú. Nínú bàálù ló ti bá Claire Colburn pàdé, òṣìṣẹ́ inú bàálù tó ń tọ́jú èrò; Kirsten Dunst ló ṣe é.

Lórí ìwé, ọbẹ̀ yìí ti dùn kó tó kúrò lórí iná. Ẹni tó bá ti rí bí ọ̀rọ̀ òkú bàbá ṣe máa ń rí láàárín ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ ìyá olóògbé kò nílò àlàyé. Ìyàwó, Hollie, tí Susan Sarandon ṣe, ní kí wọ́n sun òkú ọkọ òun. Àwọn ará Kentucky ní ilẹ̀ ni wọ́n ń sin ènìyàn sí. Drew wà láàárín. Kí ló wá bà á jẹ́?

Kí ẹ tó tún un wò

Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó tan fíìmù náà rárá, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta sínú ìwé láti inú ọpọlọ yín: ohun tí ẹ ṣì rántí, ohun tó bí yín nínú, àti fíìmù tí ẹ ń retí pé kí èyí jọ. Ẹ má fo ẹ̀kẹta yẹn. Ìdajì ìjákulẹ̀ wà nínú ohun tí a gbé lọ́wọ́ wọ sinimá. Ní ti Crowe, ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọ Jerry Maguire, ti 1996, tàbí Almost Famous, ti 2000, èyí tó gba Oscar ìwé eré fún un. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ la máa fi wọn fíìmù yìí nígbà tó bá yá.

Ìwé àjákọ kan, báírò kan, kọ̀ǹpútà kan. Fóònù náà á ṣeé lò, àmọ́ ẹ óò máa dá fíìmù dúró, ẹ óò máa fà á sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, ìka ènìyàn sì máa ń ṣi ọ̀nà lórí fóònù. Ẹ fi alẹ́ méjì sí i. Ìṣẹ́jú 123 tí ẹ ń dá dúró ní gbogbo ìgbà á tó bíi wákàtí mẹ́rin, ojú tó ti rẹ̀ kì í sì í rí nǹkan.

Ẹ wo gígùn ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ DVD tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù tàbí fún ilẹ̀ wa, ẹ lè rí i pé bíi ìṣẹ́jú 118 ló kọ síbẹ̀, kí ẹ rò pé wọ́n ti gé e. Wọn ò gé e. Àwòrán 24 ni kámẹ́rà sinimá ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. PAL, ètò tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi ṣe irú DVD bẹ́ẹ̀, ń fi 25 hàn, gbogbo rẹ̀ sì ń yára díẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Ohùn àwọn òṣèré náà á tín-ín-rín díẹ̀. Bí ó bá wá kéré sí 115, wọ́n ti gé nǹkan kúrò nítòótọ́, bóyá fún tẹlifíṣọ̀n, ẹ wá òmíràn.

Òpó mẹ́rin

Ẹ fa ìlà sí ojú ewé kí ó di òpó mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni àsìkò, bí ó ṣe hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ìkejì ni ohun tó ṣẹlẹ̀, kó má ju ìlà kan lọ. Ìkẹta ni: kí ni ẹni tí ìran yìí dá lé ń fẹ́, ta ló ń dí i lọ́wọ́? Ìkẹrin ni orin, bí ó bá wà.

Òpó kẹta ni ọ̀pá ẹ̀yìn iṣẹ́ yìí. Eré ìfẹ́ aláwàdà, ì báà jẹ́ èyí tó ń rìn lọ́nà tirẹ̀ bí irú èyí, ohun tó ń gbé e rìn ni pé ẹnì kan ń fẹ́ nǹkan, ẹlòmíràn ò sì jẹ́. Ẹ̀rín ń jáde láti ibẹ̀, ìfẹ́ náà ń jáde láti ibẹ̀. Bí òpó kẹta bá ṣófo ní ìran mẹ́ta léra, ẹ fi báírò pupa sàmì síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kún díẹ̀ nínú rẹ̀ pọ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bàtà, tí Alec Baldwin ṣe, ń mú Drew rìn kiri ọgbà ilé-iṣẹ́, ó ń fi ohun tó máa kógbá wọlé nítorí bàtà rẹ̀ hàn án pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Drew ń fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọ̀gá ò jẹ́ kó lanu. Òpó kún. Drew délé, ó fi téèpù lẹ ọ̀bẹ ìdáná mọ́ kẹ̀kẹ́ ìdárayá, kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan, kí ọ̀bẹ lè máa bọ̀ sí i láyà bó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń fẹ́ kú. Fóònù ò dákẹ́. Òpó kún. Nínú bàálù, Drew ń fẹ́ sùn. Claire ń fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì ń ya àwòrán ọ̀nà fún un kó má baà ṣìnà. Òpó kún, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Drew dé Elizabethtown, ó ń fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ kíá kó máa lọ. Àwọn ẹbí ń bọ́ ọ, wọ́n ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń pè é ní ọmọ Mitch. Òpó kún dẹ́dẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni báírò pupa dé. Alẹ́ tí Drew àti Claire fi sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí ilẹ̀ fi mọ́: kí ló ń dí wọn lọ́wọ́? Kò sí. Ó dùn ún wò, a ò jiyàn, bóyá ìran tó dára jù nínú fíìmù náà sì ni. Àmọ́ ẹ kọ "kò sí" síbẹ̀, kí ẹ máa bá a lọ. Claire sọ pé òun ní ọ̀rẹ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Ben. Ó yẹ kí Ben jẹ́ ìdènà, ó yẹ kí òpó kẹta tún kún. Ben ò yọjú. Ẹ máa wò bóyá orúkọ yẹn tiẹ̀ yí ìgbésẹ̀ Drew kan ṣoṣo padà. Ẹ óò rí i pé kò yí i. Ti sísun òkú náà ńkọ́, ìjà tí a ti ń dúró dè láti ìbẹ̀rẹ̀? Drew yí ọkàn padà, ó sáré lọ, ó ti pẹ́, wọ́n gbé ìkòkò eérú lé e lọ́wọ́. Ẹbí tó ń bínú ò bínú mọ́. A ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti san gbèsè ìpinnu náà. Níkẹyìn, Drew nìkan nínú ọkọ̀, pẹ̀lú eérú bàbá rẹ̀, pẹ̀lú àpótí àwòrán ọ̀nà àti àwo orin tí Claire tò fún un, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú: Memphis, níbi tí wọ́n ti pa Martin Luther King ní 1968, Oklahoma City, níbi tí bọ́ǹbù ti bú ní 1995. Òpó kẹta ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò yẹn títí dé ẹ̀bá òpin. Òpó kẹrin kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí ènìyàn máa kọ èrò rẹ̀ sí òpó kejì. "Ó sú mi" kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀. "Drew da eérú díẹ̀ sílẹ̀, ó ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀" ni ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ èrò, ọ̀la ẹ ò ní mọ ohun tí ẹ rí mọ́, ohun tó ṣe yín nìkan lẹ óò rántí.

Ẹ yọ Claire kúrò

Ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún nípa Claire tí orúkọ Drew kò gbọdọ̀ sí nínú ìkankan. Níbo ló ń gbé? Ta ló jẹ ní gbèsè? Kí ló ń bà á lẹ́rù lóru? Kí ló máa pàdánù bí ọkùnrin yìí bá wọ bàálù padà lọ sí Oregon? Kí ló ṣe lánàá?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọjá gbólóhùn kejì. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú bàálù. Ó ní Ben kan tí a ò rí. Ó tán. Gbogbo ìmọ̀ rẹ̀, àkókò rẹ̀, àwòrán ọ̀nà rẹ̀, orin tó jókòó tò fún wákàtí tó lé ní ogójì, ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ló kó gbogbo rẹ̀ fún. Bí ọmọ yín obìnrin bá ń ṣe báyìí, ẹ óò pè é jókòó.

Ní 2007, Nathan Rabin, tó ń kọ̀wé nípa fíìmù sí ìkànnì The A.V. Club, fi fíìmù yìí gan-an bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ àròkọ kan nípa àwọn fíìmù tó kùnà, ó sì sọ irú obìnrin yìí lórúkọ: "Manic Pixie Dream Girl", ọmọbìnrin inú àlá tó kàn wà láyé láti kọ́ ọkùnrin oníròbìnújẹ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà tàn kálẹ̀ ju fíìmù náà lọ. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ṣọ́ra. Ní 2014 Rabin fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé òun kábàámọ̀, nítorí àwọn ènìyàn ti sọ ọ́ di kùmọ̀ tí wọ́n ń là mọ́ gbogbo obìnrin tí ara rẹ̀ bá yá nínú fíìmù. Ìdánwò gbólóhùn márùn-ún ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀rí. Orúkọ lásán kì í ṣe ẹ̀rí.

Kí ẹ lè rí i pé kì í ṣe pé Crowe ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ obìnrin, ẹ gbé Penny Lane inú Almost Famous sẹ́gbẹ̀ẹ́ Claire. Òun náà rẹwà, òun náà ń fò fẹ̀rẹ̀ bí labalábá, òun náà ní orúkọ tó dà bí orin. Ṣùgbọ́n àwọn olórin tó ń tẹ̀ lé ta á fún ẹgbẹ́ olórin mìíràn ní àádọ́ta dọ́là àti páálí bíà kan. Ẹ wo ojú Kate Hudson, tó ṣe Penny, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin oníròyìn inú fíìmù náà sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi wà lójú rẹ̀, ó sì béèrè irú bíà tó jẹ́. Òpó kẹta kún débi pé ó ń tú jáde. Penny ní ohun tí ayé ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó gba nǹkan kan lọ́wọ́ Claire rí.

Ẹ má wá tìtorí èyí bá Dunst wí. Ọ̀nà tí a fi ń ya ọwọ́ òṣèré kúrò lára ọwọ́ òǹkọ̀wé rọrùn: ẹ tan àkọlé ìsàlẹ̀, ẹ pa ohùn, ẹ fi ìwé bo apá òkè ojú kọ̀ǹpútà kí ẹ má rí ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ máa ka ọ̀rọ̀ nìkan. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣófo lórí ìwé, kò sí òṣèré tó lè fi itọ́ pò ó di àmàlà. Bí ọ̀rọ̀ bá dára tí ojú tó ń sọ ọ́ wá kú, ìgbà yẹn ni kí ẹ dárúkọ òṣèré.

Ẹ pa orin

Láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́rìndínlógún ni Crowe ti ń kọ̀wé nípa àwọn olórin sí ìwé ìròyìn orin Rolling Stone. Nancy Wilson, olórin ẹgbẹ́ Heart, tó jẹ́ ìyàwó rẹ̀ nígbà náà, ló ṣe orin abẹ́lẹ̀ fíìmù yìí. Orin ni iyọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí iyọ̀ bá dùn lọ́wọ́ rẹ̀ jù, òun náà ló ń pọ̀ jù lọ́bẹ̀ rẹ̀.

Ẹ mú ìran mẹ́ta tí orin ti ń kọ, ẹ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Láìsí ohùn lẹ́ẹ̀kíní, pẹ̀lú ohùn lẹ́ẹ̀kejì. Ìbéèrè yín kan ṣoṣo ni: nígbà tí kò sí ohùn, ǹjẹ́ mo mọ ohun tó yí padà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ ìran àti òpin rẹ̀?

Ẹ fi ìran òde ìrántí bàbá bẹ̀rẹ̀, níbi tí Jessie, ọmọ ẹbí Drew, àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ti ń kọrin Free Bird. Wọ́n tú ẹyẹ ńlá kan tí wọ́n ṣe sílẹ̀ lókè orí àwọn ènìyàn. Iná ràn mọ́ ọn. Omi tó wà fún iná pípa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láti àjà. Àwọn ènìyàn ń sá jáde, àwọn olórin ò dá orin dúró. Ẹ pa ohùn rẹ̀: ó ṣì yé yín. Ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ìran yìí dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa nílò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ yin fíìmù náà. Ti Hollie tó ṣáájú rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀: opó tó dúró níwájú àwọn tó kórìíra rẹ̀, tó ń sọ àwàdà tí kò yẹ ní òde òkú, tó wá fi bàtà jó lórí pátákó fún ọkọ rẹ̀. Àwàdà nípa aládùúgbò yẹn gùn ju, ó tiẹ̀ rùn díẹ̀, àmọ́ ohun tí obìnrin yìí ń wá hàn gedegbe: kí àwọn ẹbí ọkọ gbà á.

Ẹ wá pa ohùn ìrìn-àjò inú ọkọ̀. Ọkùnrin kan ń wakọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wo nǹkan. Ó tún wọkọ̀. Bí ẹ bá da ohùn padà, omi lè bọ́ lójú yín, ṣùgbọ́n orin ni ẹ ń sunkún fún. Orin yẹn ì bá pa yín lẹ́kún bákan náà nínú mọ́tò tiyín.

Fún ìfiwéra, ẹ lọ wo ìran rédíò inú Say Anything..., fíìmù àkọ́kọ́ tí Crowe darí, ní 1989. Lloyd, tí John Cusack ṣe, dúró níta ilé Diane, ó gbé rédíò ńlá sókè orí, orin ń dún. Gbogbo ayé mọ àwòrán náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbé ni pé Diane ò sọ̀ kalẹ̀. Ó wà lórí ibùsùn, ó ń gbọ́, kò dìde. Orin bẹ̀bẹ̀, ẹni tí à ń bẹ̀ ò dáhùn. Ní 1989 orin rẹ̀ ń béèrè. Ní 2005 orin ń béèrè, orin náà ló tún ń dáhùn.

Ọwọ́ ta ló wà ńbẹ̀?

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, iṣẹ́ yìí le. Ìwé eré lè dára kó má yé olùdarí. Olùdarí lè ṣe é dáadáa kí ilé-iṣẹ́ gé e bí ẹran. Ní ti Elizabethtown, òǹkọ̀wé, olùdarí àti ọ̀kan nínú àwọn olùgbéjáde jẹ́ ẹnì kan náà, nítorí náà ẹ̀bi òpó kẹta tó ṣófo ò ní ọ̀nà gígùn láti rìn.

Síbẹ̀, ẹ wádìí nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó dájọ́. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀dà. Èyí tí wọ́n fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Toronto ní September 2005 gùn ju èyí tó dé sinimá lọ. Àwọn tó wò ó níbẹ̀ ráhùn, Crowe sì gé e kúrú. Roger Ebert, gbajúmọ̀ alárìíwísí fíìmù ní Amẹ́ríkà, wo méjèèjì. Ti Toronto ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó yin èyí tí wọ́n gé. Bí ẹ bá ka àròkọ àtijọ́ kan tó ń bú ìran tí ẹ̀yin ò rí, ẹ̀dà ló yàtọ̀. Ìkejì ni yíyan òṣèré. Ashton Kutcher ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lò fún Drew, kó tó bọ́ sọ́wọ́ Bloom, tí a mọ̀ mọ́ ọfà àti idà. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fi ẹnu ará Amẹ́ríkà ka àlàyé tó ń lọ lábẹ́ àwòrán: ó ń kà á ni, kò sọ ọ́. Èyí jẹ́ àléébù tòótọ́, ẹ lè kọ ọ́, àmọ́ ẹ má fi ṣe olórí ẹ̀sùn. Òṣèré tó dára jù lọ láyé náà ò ní rí ẹni bá jà nínú ọkọ̀ yẹn.

Ìkẹta ni owó. Bíi mílíọ̀nù 45 dọ́là ni wọ́n ná sí i, bíi mílíọ̀nù 52 ló sì wọlé kárí ayé. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà á ní èrè ni. Ilé sinimá máa ń mú tó bí ìdajì nínú owó ìwọlé, ìpolówó ò sì sí nínú 45 yẹn. Fíìmù náà jẹ gbèsè ní sinimá. Àmọ́ owó kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ ò dára. Ìlà kan ṣoṣo ló tọ́ sí nínú ohun tí ẹ fẹ́ kọ.

Ó wá ku olùdarí. Ẹ to fíìmù rẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ bí ọdún wọn ṣe tẹ̀ léra, kí ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè pé: ta ló ń sọ pé "rárá" nínú èyí? Ní 1989, bàbá Diane ni, bàbá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, tó sì ń jí owó àwọn arúgbó tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, títí ó fi dèrò ẹ̀wọ̀n. Ní 1996, nínú Jerry Maguire, Dorothy ni, opó tó ní ọmọ, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé Jerry, tó fẹ́ ẹ, tó sì rí i láàárín fíìmù pé ìgbéyàwó náà ò dúró. Ní 2000, nínú Almost Famous, ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin oníròyìn náà ń sọ rárá lórí fóònù, àwọn olórin ń sọ rárá, ayé ń sọ rárá fún Penny. Ní 2005, kò sí. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ni fún Drew: ọmọbìnrin, ẹbí, ìyá, ojú ọ̀nà, orin.

Ibẹ̀ ni oríkèé ti yẹ̀. Ọkàn rere tí a mọ̀ mọ́ Crowe kò kúrò. Ohun tó máa ń ta ko ọkàn rere náà ló kúrò. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu, ni àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ń sọ nígbà náà. Àwa ò gbà pé ata ni. Ṣúgà ni, ó kàn jẹ́ pé a ò fi ṣúgà fẹ́ ojú.

Ẹ má fi ti ẹ̀yìn ṣàlàyé ti iwájú o. Crowe ò gbé fíìmù eré mìíràn jáde títí di 2011, Aloha tó ṣe ní 2015 sì fa àríwísí tirẹ̀, nítorí pé Emma Stone ni wọ́n fi ṣe ẹni tí ẹ̀jẹ̀ Ṣáínà àti Hawaii wà lára rẹ̀. Crowe tọrọ àforíjì. Ọ̀ràn ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá kó o mọ́ èyí, òǹkàwé á rò pé ẹ ń wá ọkùnrin náà ní ìjà.

Ẹ kọ ọ́

Ọ̀rọ̀ 600 sí 800 tó. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́: orúkọ fíìmù, ọdún, olùdarí, àti ìdájọ́ yín ní gbólóhùn kan. Ẹ má fi ìdájọ́ pamọ́ sí ìparí bí ẹni ń pa àlọ́. Ìtàn fíìmù ò gbọdọ̀ ju ìpínrọ̀ kan lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìran méjì péré láti inú òpó yín, ọ̀kan tó yẹ̀, ọ̀kan tó dúró, kí ẹ ṣàpèjúwe wọn títí ẹni tí kò wo fíìmù náà á fi rí wọn. Ìran mẹ́wàá tí a kàn dárúkọ kò tó ìran kan tí a fi hàn.

Gbólóhùn tí kò wúlò rèé: "Fíìmù náà gùn ju, kò sì ní ìtumọ̀." Ẹ gbé òpó lé e lọ́wọ́: "Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìkòkò eérú fún Drew, kò sí ẹnikẹ́ni tó tún dí i lọ́wọ́, gbogbo ìrìn-àjò ìparí sì di àwo orin tó ní àwòrán." Ẹni tó bá fẹ́ bá yín jiyàn ti rí ibi tó máa dì mú.

Fíìmù náà fúnra rẹ̀ tiẹ̀ ràn yín lọ́wọ́. Ohùn Drew ló ṣí i, ó ń ṣàlàyé pé ìkùnà lásán yàtọ̀ sí ìdojúdé ńlá tí àwọn ẹlòmíràn á máa fi pa ìtàn. Ibẹ̀ ni Rabin ti mú àwọn àmì-ẹ̀yẹ tó ń fún fíìmù nínú ọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ èyí tí ẹ kà á sí. Lójú tiwa, ìkùnà lásán ni, èyí tó ní ìran mẹ́rin tàbí márùn-ún tí olùdarí mìíràn ì bá fi ilẹ̀ rà.

Ẹ pa òpin mọ́ fún àwọn tí kò tíì wò ó. Ibi tí àwòrán ọ̀nà Claire parí sí, àti àwọ̀ fìlà tó wà níbẹ̀, kò yẹ kó jáde lẹ́nu yín, ì báà jẹ́ pé ẹ rí i bọ̀ láti ìṣẹ́jú ogún sẹ́yìn. Ẹ má pe olóòtú ní olùdarí, ẹ má pe olùgbéjáde ní òǹkọ̀wé. Colburn ni ti Claire. "E" wà ní ìparí Crowe.

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ẹ tan ìran fóònù nìkan, èyí tí ẹ kọ "kò sí" sí níwájú, kí ẹ wò ó láìmú báírò dání. Bí ẹ bá ṣì rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ tí kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ padà sí ìwé yín, ẹ fi gbólóhùn kan kún un fún ìran yẹn.